Ẹ̀rù Mọ Ewu, Kò Mọ Ọ̀nà

 

Ọ̀rọ̀ kúkurú kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. Kò sí òbí tí ọmọ kò tíì sọ ọ́ fún rí: "Ẹ̀rù ń bà mí." Ọmọ lè sọ ọ́ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, ó lè sọ ọ́ létí odò, ó lè sọ ọ́ lórí igi gúáfà tí ó ti gùn dé àárín tí kò mọ bí òun yóò ti sọ̀ mọ́. Kí ni àwa àgbà máa ń fi dá a lóhùn? Ìdáhùn méjì ló wọ́pọ̀ lẹ́nu wa. Èkínní ni: "Ojo ni ọ́! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń ṣe é, ìwọ ń sunkún." Èkejì ni: "Sọ̀ kalẹ̀ kíá! N kò gbọdọ̀ rí ọ níbẹ̀ mọ́." Ẹni tó sọ ti èkínní rò pé òun ń kọ́ ọmọ ní ìgboyà. Ẹni tó sọ ti èkejì rò pé òun ń dáàbò bo ọmọ. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àwọn méjèèjì ti lé olùkọ́ kan lọ tó wà nítòsí ọmọ náà, olùkọ́ tí a kò san kọ́bọ̀ fún. Ẹ̀rù fúnra rẹ̀ ni olùkọ́ ọ̀hún. Olùkọ́ tó mọ ìdajì iṣẹ́ ni, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì mọ ìdajì tí ó mọ̀ yàtọ̀ sí ìdajì tí kò mọ̀, ó lè ṣubú sí i lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀pẹ, nítorí kò sí ẹni tó gbé agbègbè Ore àti Odigbo tí kò mọ ọ̀pẹ. Bí ènìyàn bá kúrò ní ìkóríta Ore, níbi tí ọkọ̀ Lagos àti ọkọ̀ Benin ti ń dúró jẹun, tí ó kọjú sí ọ̀nà Odigbo àti Ondo, tàbí tí ó yà sí ọ̀nà Okitipupa, ọ̀pẹ ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì láàárín kòkó àti igbó. Àwọn kan jẹ́ ọ̀pẹ oko ńlá tí a gbìn létòlétò. Nígbà tí wọ́n bá ṣì kúrú, ènìyàn lè dúró nílẹ̀ kí ó fi ọ̀bẹ tí a so mọ́ ọ̀pá gígùn gé ìdì ẹyìn wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ igbó, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 60 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú èyí, gígùn ni a ń gùn ún.

Ohun èlò akọ̀pẹ kò pọ̀. Igbà ni olórí wọn, lẹ́yìn náà àdá tàbí àáké. Igbà ni okùn líle tí akọ̀pẹ máa ń gbé yí igi ọ̀pẹ àti ara òun fúnra rẹ̀ ká. Bí ó bá ti wọ inú rẹ̀ tán, yóò fara ti igbà lẹ́yìn, yóò fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ igi níwájú. Yóò gbé igbà sókè díẹ̀, yóò gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, yóò tún gbé igbà. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe é títí yóò fi dé ibi tí ìdì ẹyìn wà.

Ẹ wá wo ohun tó wà nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ń kọ́ ọ, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n gíga ọkùnrin kan péré, ẹ̀rù yóò bà á. Àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa làágùn. Ẹ̀rù náà yóò sì pàṣẹ fún un pé: "Di igi mú! Lẹ̀ mọ́ ọn!" Bí ó bá gbọ́ àṣẹ yìí, tí ó lẹ̀ mọ́ igi bí ọmọ tí ń lẹ̀ mọ́ ìyá, igbà yóò dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní rí ibi tẹ̀ mọ́, yóò sì yọ̀ wálẹ̀. Nítorí ohun tó gbé akọ̀pẹ ró ni pé kí ó fi ìwúwo ara rẹ̀ sẹ́yìn, kí ó jìnnà sí igi, kí igbà lè le dáadáa. Ohun tí ẹ̀rù ní kí ó ṣe nítorí kí ó má baà ṣubú, òun gan-an ni yóò mú un ṣubú.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí: ẹ̀rù mọ ewu, kò mọ ọ̀nà. Nígbà tí ó sọ pé, "Ibí yìí ga, o lè ṣubú," òótọ́ ló sọ, ó yẹ kí a gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ bí a ó ti ṣe é, kí a má gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ẹni tó ti rin ọ̀nà rí ló mọ ọ̀nà.

Nítorí náà ni àgbà akọ̀pẹ tó gbọ́n kò fi ní lé ẹ̀rù kúrò lára ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò fún ẹ̀rù ní iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Yóò ní kí ọmọ náà fi ọwọ́ yẹ igbà wò láti orí dé ìdí, bóyá ibì kan ti ń já, bóyá ìdè rẹ̀ ti ń tú. Yóò ní kí ó wo ara igi bóyá òjò ti mú un yọ̀, kí ó wo òkè bóyá agbọ́n kọ́lé sí i, bóyá ejò wà láàárín imọ̀. Gbogbo èyí, iṣẹ́ ẹ̀rù ni, ẹ̀rù sì mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ. Lẹ́yìn èyí, yóò gbé ọmọ náà sórí igi ní ìwọ̀n tí ó jẹ́ pé bí ó bá yọ̀, ẹ̀rín ni yóò dá sílẹ̀. Yóò dúró nísàlẹ̀, yóò ní: "Fara tì í. Gbára lé e. Igbà ló gbé ọ, kì í ṣe igi." Ọmọ náà yóò ṣe é lẹ́ẹ̀kan, yóò ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi gba igbà gbọ́. Kí ó tó kọ́ bí a ti ń gùn, yóò ti mọ bí a ti ń sọ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín ń gun igi, ṣùgbọ́n orí igi náà ni ó ń dé.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ inú igbó nìkan ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí a dé Amẹ́ríkà. Ohun eré kan wà tí a ń pè ní tíránpólíìnì. Aṣọ líle ni, tí a nà sáàárín irin pẹ̀lú sípíríǹgì yí ká. Bí ènìyàn bá fò lé e lórí, yóò sọ ọ́ padà sókè. Ní ìlú ńlá wa pẹ̀lú, ó ti ń wọ ibi ìṣeré àwọn ọmọdé. Ní ọdún 1934, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ George Nissen àti olùkọ́ eré ìdárayá kan tí ń jẹ́ Larry Griswold ló ṣe èyí tí a ń lò lóde òní ní ìpínlẹ̀ Iowa. Nissen ti rí àwọn eléré tó ń fi okùn jù lókè réré, tí wọ́n bá parí eré, wọn a já bọ́ sínú àwọ̀n tí a nà sísàlẹ̀, àwọ̀n náà a sì tún jù wọ́n sókè. Ó rò ó wò pé ohun tí ń sọ ènìyàn sókè báyìí, a lè fi kọ́ òkìtì títa. Ẹ ṣe àkíyèsí rẹ̀: àwọ̀n tí a nà nítorí ẹ̀rù ìṣubú ni ó di ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2000, ní ìlú Sydney ní Ọsirélíà, eré yìí wọ inú ìdíje Òlíńpíìkì. Àwọn ọ̀gá nínú rẹ̀ ń fò ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ sókè, wọ́n sì ń ta òkìtì ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹsẹ̀ wọn tó tún kan aṣọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí òkìtì. Lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ ni bí a ti ń dúró: kí ó fò díẹ̀, kí ó sì tẹ orúnkún kí aṣọ má lè jù ú sókè mọ́. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń dúró kò tíì yẹ lẹ́ni tó ń fò. Lẹ́yìn náà ni kí ó jókòó lé aṣọ kí ó dìde, kí ó kúnlẹ̀ lé e, kí ó fi ẹ̀yìn lé e. Nígbà tí ó bá di ti òkìtì, wọn a de àmùrè líle mọ́ ọn nídìí, wọn a so okùn mọ́ àmùrè náà lọ́tùn-ún lósì, okùn a gba òkè òrùlé lọ, olùkọ́ a sì di ìdí rẹ̀ mú nílẹ̀. Ọmọ náà a ta òkìtì, bí ó bá ṣì í, okùn a gbà á. Ẹ̀yin ará Odigbo, kí ni ẹ ó pe èyí bí kò ṣe igbà?

Lórí ohun eré yìí pẹ̀lú, ẹ̀rù kò mọ ọ̀nà. Ẹni tó ń ta òkìtì gbọ́dọ̀ ká ara rẹ̀ jọ bí ìgbín nínú ìkarahun, nítorí kíká yẹn ló ń jẹ́ kí ó yí kíákíá. Bí ẹ̀rù bá bà á ní agbede méjì, ẹ̀rù yóò ní: "Na ara rẹ, wá ilẹ̀!" Bí ó bá nà, yíyí rẹ̀ yóò dẹ̀, ọrùn tàbí orí ni yóò sì fi balẹ̀ dípò ẹsẹ̀. Akọ̀pẹ tó lẹ̀ mọ́ igi àti eléré tó na ara rẹ̀ lófuurufú, ìjàǹbá kan náà ló ń ṣe wọ́n. Àwọn méjèèjì gbọ́ àṣẹ lẹ́nu ẹni tí kò mọ ọ̀nà.

Kí ló fà á tí ẹ̀rù fi ń pàṣẹ bẹ́ẹ̀? Ọlọ́hun dá a mọ́ wa lára fún iṣẹ́ kan. Bí ojú bá rí ewu, apá kékeré kan nínú ọpọlọ yóò ké gbàjarè kí ènìyàn tó ronú rárá. Oje kan yóò jáde láti orí kíndìnrín sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn yóò máa sáré, iṣan apá àti itan yóò le. Èyí dára púpọ̀ bí ẹranko búburú bá yọ sí wa nínú igbó, nítorí ohun méjì tó yẹ kí a ṣe nígbà náà ni kí a sá tàbí kí a jà. Ṣùgbọ́n orí ọ̀pẹ kì í ṣe ibi sísá, kì í ṣe ibi ìjà. Ibi iṣẹ́ ọwọ́ ni. Agbára tí ẹ̀rù kó wá dára, ibi tí ó ń darí rẹ̀ sí ni kò dára, àfi bí ẹ̀kọ́ bá ti la ọ̀nà míràn sílẹ̀ nínú ara kí ọjọ́ náà tó dé.

Ẹ má sì rò pé ẹni tó ti mọ iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù títí láé. Simone Biles, ọmọbìnrin Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ọ̀gá àwọn eléré òkìtì ní gbogbo ayé, dé ìdíje Òlíńpíìkì ti Tokyo ní oṣù keje ọdún 2021. Nígbà tí ó fò sókè, ara rẹ̀ gbàgbé ibi tí òun wà lófuurufú. Kò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ mọ́. Ó ní òun kò ní fò mọ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ òun. Àwọn kan pè é lójo. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣe: ó lọ dán ara rẹ̀ wò lórí tìmùtìmù rírọ̀, nígbà tí ó sì padà wá sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ, ó yọ yíyí ara tí kò dá a lójú mọ́ kúrò nínú bíbọ́ sílẹ̀ rẹ̀, ó fi òkìtì tó dá a lójú rọ́pò rẹ̀. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà. Ní Paris ní ọdún 2024, ó gba wúrà mẹ́ta àti fàdákà kan. Ní Paris kan náà, Bryony Page ará Ìlú Ọba ló gba wúrà àwọn obìnrin nínú tíránpólíìnì. Òun pẹ̀lú, kí ó tó di ọ̀gá, irú ìgbàgbé-ara yìí ti dá a dúró rí, tí òkìtì tó ti mọ̀ ọ́n ta di ohun tí kò lè ta mọ́. Ẹ̀rù wọn kò parọ́. Wọ́n gbọ́ ti ewu lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì lọ wá ọ̀nà níbòmíràn, ní ìpìlẹ̀ níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa tí a ń gbọ́ ìtàn Ànábì Mūsā, kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá a, kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí ọ̀pá rẹ̀ kọ́kọ́ di ejò, ó yí padà, ó sá. A kò bá a wí. A ní kí ó padà wá, kí ó mú un, kí ó má bẹ̀rù. Níkọ̀kọ̀ ni èyí ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, kí a tó rán an lọ síwájú Fir'aona. Ní ọjọ́ tí ó sì kojú àwọn onídán, ẹ̀rù tún wọ ọkàn rẹ̀. Ta ni yóò pe Mūsā ní ojo?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ tó kù yìí kàn jù lọ. Ní ọdún 1960, Eleanor Gibson àti Richard Walk ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde nípa àyẹ̀wò kan. Wọ́n fi dígí tó nípọn ṣe ojú tábìlì kan. Ní apá kan, wọ́n tẹ́ aṣọ alálà sábẹ́ dígí gan-an. Ní apá kejì, aṣọ náà wà nísàlẹ̀ réré, tí ẹni tó bá wò ó yóò rò pé kòtò ni. Wọ́n gbé ọmọ 36 wá, láti ọmọ oṣù mẹ́fà sí oṣù mẹ́rìnlá, wọ́n ní kí ìyá wọn máa pè wọ́n. Ọmọ 27 ló kúrò níbi tí a gbé wọn kalẹ̀ sí; nínú wọn, mẹ́ta péré ló gba orí ibi tó dà bí kòtò. Ọmọ tó ń rá, tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ, ti mọ ewu ibi gíga.

Ní ọdún 1985, James Sorce àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe irú àyẹ̀wò yìí. Wọ́n dín jíjìn kòtò náà kù, títí yóò fi jẹ́ pé ọmọ ọdún kan yóò máa ṣiyèméjì: ṣé kí n kọjá ni, àbí kí n má kọjá? Wọ́n ní kí àwọn ìyá kan rẹ́rìn-ín músẹ́ ní òdì kejì, kí àwọn ìyá míràn fi ojú ẹ̀rù hàn. Kí wọ́n má sọ̀rọ̀ o, ojú lásán ni. Nínú ọmọ 19 tó rí ojú ẹ̀rín, 14 kọjá. Nínú ọmọ 17 tó rí ojú ẹ̀rù, kò sí ẹyọ kan tó kọjá.

Ẹ gbé èyí yẹ̀ wò. Nígbà tí ọmọ bá ń ṣiyèméjì, ojú ìyá ni ìwé tí ó kọ́kọ́ ń kà. Èyí kò ní kí a máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo ewu. Kànga tí kò ní ìdérí kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ojú wa má ṣe pariwo ju ewu lọ. Obìnrin tó ń ṣa ẹyìn nísàlẹ̀ ọ̀pẹ mọ̀ pé bí ó bá ké "Yéè!" lójijì, ara ẹni tó wà lókè yóò gbọ̀n, igbà rẹ̀ yóò sì dẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá rí ohun kan, ohùn pẹ̀lẹ́ ni kí ó fi sọ ọ́: "Wo apá òsì rẹ." Ẹ bá ọmọ tó wà lórí igi gúáfà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ẹ má ké pè é. Ẹ sọ ibi tí ó lè fi ẹsẹ̀ sí: "Ẹ̀ka kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ. Tẹ̀ ẹ́ wò ná." Ẹ̀rù ti sọ ewu fún un, kò nílò kí ẹ tún un sọ. Ọ̀nà ni ó ń wá lẹ́nu yín.

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin olùkọ́, yálà ti ilé-kéwú tàbí ti ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ pàṣán kún un. Ní ọdún 1908, Robert Yerkes àti John Dodson kọ́ àwọn èkúté láti mọ ilé funfun yàtọ̀ sí ilé dúdú. Èyí tó bá ṣì í, iná mànàmáná a ta á lẹ́sẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà rọrùn, bí iná ti ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń tètè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú iṣẹ́ náà ṣòro, iná púpọ̀ dí wọn lọ́wọ́. Ìwọ̀nba ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ènìyàn kì í ṣe èkúté, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti rí i: ọmọ tó ń gbọ̀n níwájú pàṣán lè gbá ilẹ̀, ó lè pọn omi, bí ẹ bá ní kí ó ṣe ohun tó gba ọgbọ́n, gbogbo rẹ̀ yóò dàrú mọ́ ọn lójú. Ọmọ tó ń bẹ̀rù igi, tí bàbá sì dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú pàṣán, ti ní ẹ̀rù méjì. Èwo ni kí ó gbọ́ tirẹ̀?

Ẹgbẹ́ kejì tún wà o, àwọn tí ẹ̀rù ti kú lára wọn. Nínú ìlú wa, ọ̀dọ́mọkùnrin lè kọ́ ọ̀kadà láàárọ̀, kí ó sì gbé èrò méjì sẹ́yìn lálẹ́. Bí ó ti mọ bí a ti ń ṣíná rẹ̀, ó rò pé òun ti mọ bí a ti ń dúró. Àgbà akọ̀pẹ pẹ̀lú lè ti gun ọ̀pẹ fún ogún ọdún, títí tí kò fi ní wo igbà mọ́ kí ó tó wọ inú rẹ̀. Àwọn dókítà nílẹ̀ wa ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé jíjábọ́ láti orí ọ̀pẹ wà lára ohun tó ń ba ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn jẹ́, tí ọkùnrin tó ń bọ́ ìdílé yóò fi di ẹni tí kò lè rìn mọ́. Lórí tíránpólíìnì, àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2012 pé bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ìpalára ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn ju ẹyọ kan lọ bá ń fò pọ̀, ọmọ tó kéré jù ló sì sábà máa ń fara gbá a. Wọ́n ní kí a má tilẹ̀ fi í sínú ilé fún eré lásán. Nítorí náà, bí ẹ bá mú ọmọ yín dé ibi tí irú rẹ̀ wà, ọmọ kan ní ìgbà kan. Kí ẹnikẹ́ni má sì ta òkìtì níbi tí kò sí olùkọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kó o jọ fún yín ní ṣókí. Bí ọmọ bá ní ẹ̀rù ń bà òun, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: "Kí ni o rí?" Ó lè jẹ́ pé okùn ló ti fẹ́ já tí ojú rẹ̀ ti rí i, tí ojú yín kò rí. Bí ewu náà bá jẹ́ òótọ́, ẹ mú un kúrò, ẹ má tijú. Bí ó bá jẹ́ pé ohun náà ga jù fún un, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí ibi tí ẹ̀rù rẹ̀ ti kéré, kí ó ṣe é níbẹ̀ títí yóò fi mọ́ ọn lára. Ẹ kọ́ ọ ní dídúró àti sísọ̀ ṣáájú lílọ àti gígùn. Ẹ fún un ní ohun kan ṣoṣo tí yóò fi ara ṣe, kì í ṣe "Má bẹ̀rù," nítorí kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń ṣe "má bẹ̀rù." Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, bákan náà ni. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́ kò bẹ̀rù ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ. Àwa ni a tètè ń sọ fún un pé kí ó sọ̀ kalẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì já bọ́ láti ibi gíga, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré fà á dìde lápá, ẹ má gbé e sáàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà. Ẹ jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú kí ọrùn rẹ̀ má mì, kí a sì wá ọkọ̀ tí yóò lè fi ẹ̀yìn lé orí pákó títẹ́jú dé ilé ìwòsàn. Nínú ẹ̀rù àti ìkánjú, ọwọ́ wa máa ń fẹ́ gbé e. Ẹ̀rù mọ ewu níbẹ̀ pẹ̀lú, kò mọ ọ̀nà.

Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa ní ohun tí yóò máa wò níwájú: ẹni tó dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ojú pẹ̀lẹ́, tó mọ ibi tí ẹsẹ̀ kàn.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Ẹ kí ará ilé.